Ọ̀já Ìkookò: Fùláwà Tí Omi Púpọ̀ Ń Pa

Ọ̀já ìkookò jẹ́ ewéko tí kò ní igi, tí kò sì ní ẹ̀ka. Láti inú ilẹ̀ ni ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń yọ, á dúró ṣánṣán, á le, á nípọn, orí rẹ̀ á sì ṣe ṣóńṣó. Lára ewé náà, ilà tó dúdú àti ilà tó mọ́ díẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn ní ìbú láti ìdí dé orí. Àwọn mìíràn ń pè é ní pàṣán kòríkò. Ó ti di ará ilé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: ó wà lẹ́nu ọ̀nà báǹkì, ó wà ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì, ó wà lẹ́bàá fèrèsé ọ́fíìsì, ó sì wà létí títì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta fùláwà, nínú láílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n máa ń gbin nǹkan sí.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fowó rà á ló gbà pé òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ilé káàkiri ayé, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Dracaena trifasciata, láti Nàìjíríà lọ dé ilẹ̀ Kóńgò ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Ìbátan rẹ̀, Dracaena liberica, tí ewé tirẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wà nínú igbó àti létí oko ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, òun náà ló sì ń jẹ́ ọ̀já ìkookò lẹ́nu àwọn àgbà àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ohun tó bá ọ̀kan mu bá èkejì mu.

Ní ọdún 1903 ni David Prain, ọmọ Skọ́tílándì tó wá di ọ̀gá ọgbà ewéko Kew nílùú Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn náà, sọ èyí tó gbajúmọ̀ jù náà ní Sansevieria trifasciata. Orúkọ yìí ló sì ń jẹ́ nínú ìwé fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá fi DNA wo bí àwọn ewéko ṣe bá ara wọn tan, wọ́n rí i pé Sansevieria kì í ṣe ìdílé ọ̀tọ̀, inú ìdílé Dracaena ló wà. Ní 2017 ni wọ́n yí orúkọ èyí padà sí Dracaena trifasciata. Inú ìdílé yìí kan náà ni pèrègún wà. Pèrègún tí wọ́n ń gbìn sí ojúbọ àti sí ààlà ilẹ̀ àti ọ̀já ìkookò tó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì, ẹbí kan ni wọ́n.

Kí wọ́n tó sọ ọ́ di fùláwà, iṣẹ́ okùn ni wọ́n ń fi ṣe ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà. Bí wọ́n bá lu ewé rẹ̀, tí wọ́n ha ẹran ara rẹ̀ dànù, fọ́nrán funfun tó lágbára ló ń ṣẹ́ kù. Wọ́n ń lọ́ ọ di okùn, wọ́n sì ń fi í ṣe ọsán ọrun fún ọdẹ.

Ní Bràsíìlì, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wò ó. Idà ni wọ́n pè é níbẹ̀: Espada de São Jorge, idà Jọ́ọ̀jì Mímọ́. Ní Rio de Janeiro, Ògún ni àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà ti Umbanda àti Candomblé mọ̀ mọ́ Jọ́ọ̀jì Mímọ́ yìí, ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ni wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀. Nítorí náà, idà Ògún ni ewé yìí jẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, ti Santa Bárbara ni, ẹni tí wọ́n mọ̀ mọ́ Ọya, tí wọ́n ń pè ní Iansã lọ́hùn-ún. Wọ́n máa ń gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà ilé kí ó lè máa ṣọ́ ilé. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i bẹ́ẹ̀ kò ní nílò ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Oríṣi rẹ̀ tó wà lọ́jà pọ̀. Èyí tí àwọ̀ ìyeyè gba etí ewé rẹ̀ ń jẹ́ Laurentii, orúkọ Émile Laurent, onímọ̀ ewéko ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, ni wọ́n fi sọ ọ́. Royal Horticultural Society, ẹgbẹ́ àwọn olọ́gbà ní Bírítéènì, ti fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Èyí tó kúrú, tí ewé rẹ̀ pa agbo mọ́ ilẹ̀, ni Hahnii. Ọdún 1939 ni wọ́n ṣàdédé rí i láàárín àwọn tó ga ní ọgbà ìtọ́jú ewéko kan ní New Orleans ní Amẹ́ríkà. Moonshine wà, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ fàdákà. Òmíràn tún wà tí ewé rẹ̀ rí róbótó gbọọrọ láìní pẹrẹsẹ lára, Dracaena angolensis ni, ìbátan ni òun náà.

Bí ọ̀já ìkookò ṣe ń gbé ayé ló ń sọ irú ìtọ́jú tó yẹ ẹ́. Omi ló kó pamọ́ sínú ewé tó fi nípọn tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, ó ní ìdí kan tó sanra, tó ń fà lọ ní ìbú, tó sì máa ń pọ́n rúsúrúsú bí wọ́n bá wú u síta. Omi àti oúnjẹ wà nínú ìdí náà pẹ̀lú, ara rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ti ń yọ. Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn nílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ewéko ló ń ṣí ihò tí wọ́n fi ń mí lọ́sàn-án, kí wọ́n lè fa kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí oòrùn ń ràn. Bí ihò náà bá sì ti ṣí, omi ara wọn ń bá ibẹ̀ lọ. Òru ni ọ̀já ìkookò ń ṣí tirẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù. Á fa afẹ́fẹ́ náà wọlé, á sọ ọ́ di ásíìdì, á sì tọ́jú rẹ̀ sínú ewé. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á pa ihò dé, á wá fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ ohun tó kó pamọ́ di oúnjẹ. Bí wọ́n bá yẹ ewé rẹ̀ wò, ásíìdì inú rẹ̀ láàárọ̀ máa ń pọ̀ ju ti ìrọ̀lẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pẹ òyìnbó ń ṣe. Ewéko tó ń ṣọ́ omi ná báyìí lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìmu omi, kó má sì ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí kò lè fara dà ni kí ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ máa rin gbingbin. Gbòǹgbò ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí omi bá gba gbogbo àyè tó wà láàárín erùpẹ̀, gbòǹgbò á kú, olú àti kòkòrò àìfojúrí á wọ ibi tó kú, ìjẹrà á sì gun òkè wá sínú ewé.

Ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n máa gbìn ín sí. Ìdí ohun náà gbọ́dọ̀ ní ihò. Ìkòkò amọ̀ ló dára jù, nítorí omi ń gba ara rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Ike ọ̀dà tó ti ṣófo tó, bí wọ́n bá ti fi irin gbígbóná lu ihò bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀. Àwọn ìkòkò aláràbarà tí wọ́n ń tà láìní ihò kankan ti pa ọ̀já ìkookò púpọ̀ ju ọ̀dá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn irú rẹ̀ lè gbin ewéko sínú ike tó ní ihò, kó wá gbé ike náà sínú ìkòkò ẹlẹ́wà, kó sì máa gbé e jáde nígbà tó bá fẹ́ bu omi sí i. Kí ìkòkò má fẹ̀ jù. Èyí tó fi ìwọ̀n ìka méjì ju ìdí ewéko lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó, torí erùpẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé máa ń pẹ́ kó tó gbẹ.

Erùpẹ̀ ẹ̀yìnkùlé nìkan kò dára, pàápàá ilẹ̀ amọ̀ tó máa ń dì. Ìdajì erùpẹ̀ dúdú àti ìdajì yanrìn odò tó rí hóróhóró máa ń bá a mu. Wọ́n lè fi èédú tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí òkúta wẹ́wẹ́ kún un kí omi lè tètè ṣàn kọjá. Àpáàdì kan tí wọ́n fi bo ojú ihò kì í jẹ́ kí erùpẹ̀ máa jò jáde, kò sì ní dí omi lọ́nà. Yanrìn etí òkun kò yẹ, iyọ̀ wà nínú rẹ̀.

Lórí omi, kàlẹ́ńdà kọ́ ló yẹ kí ènìyàn máa wò, erùpẹ̀ ni. Kí wọ́n ti ìka ọwọ́ bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ọ̀rinrin bá ṣì wà níbẹ̀, tí erùpẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìka, kí wọ́n fi sílẹ̀. Bí ìka bá jáde ní gbígbẹ, tí ìkòkò náà sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e, àsìkò omi tó. Nígbà náà, kí wọ́n bu omi sí i dáadáa títí yóò fi máa jò nídìí, kí wọ́n jẹ́ kó ro, kí wọ́n sì da omi tó bá dúró sínú àwo ìsàlẹ̀ nù. Omi ṣín-ín-ṣín tí wọ́n ń wọ́n sí i lójoojúmọ́ kò ṣe é lóore: òkè erùpẹ̀ á máa rin, gbòǹgbò ìsàlẹ̀ kò sì ní rí mu. Nínú ilé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta sábà máa ń tó. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti tutù, ó lè tó oṣù kan kí erùpẹ̀ tó gbẹ. Bí ó bá jẹ́ Hahnii, ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n máa bu omi gbà, kí omi má baà dúró sí àárín agbo ewé, nítorí ibẹ̀ ni ìjẹrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Òùngbẹ àti àmujù ní àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ṣe pàtàkì kí wọ́n má ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ewé tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń hunjọ, á sì máa ká sínú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ á ṣì le. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bá mu omi, á tún nà padà. Ewé tó mu àmujù máa ń rọ̀ níbi tó ti yọ látinú ilẹ̀, á pọ́n rúsúrúsú, á sì ṣubú lulẹ̀ láìsí ẹni tó tì í. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀, ó máa ń tẹ̀ wọlé, òórùn ìdíbàjẹ́ a sì máa jáde. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe ńlá: wọ́n á rí i pé ewé ń ṣubú, wọ́n á ní òùngbẹ ni, wọ́n á tún bu omi sí i.

Èyí tó ti ń jẹrà ṣì ṣeé gbà là bí wọ́n bá tètè rí i. Kí wọ́n fà á yọ látinú ìkòkò, kí wọ́n gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì fi ọ̀bẹ mímọ́ gé gbogbo gbòǹgbò tó ti dúdú àti gbogbo ibi tó ti rọ̀ lára ìdí, títí wọn yóò fi kan ibi tó le, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fi í sí ibi òjìji fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ojú ọgbẹ́ gbẹ. Erùpẹ̀ tuntun ni kí wọ́n tún un gbìn sí, kí wọ́n má sì bu omi sí i fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Erùpẹ̀ àtijọ́ kò gbọdọ̀ padà sínú ìkòkò.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ káàkiri pé ọ̀já ìkookò lè gbé inú òkùnkùn. Ó lè fara da òjìji fún ìgbà pípẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í dàgbà níbẹ̀. Ewé tuntun kì í fẹ́ yọ, èyí tó bá yọ á tín-ín-rín, ilà ara rẹ̀ á sì pòórá díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn òwúrọ̀ ń wọlé, tàbí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wà láìsí oòrùn gangan, ni ibi tó ti ń ṣe dáadáa. Èyí tó ti pẹ́ nínú ilé, bí wọ́n bá gbé e bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lójijì, ewé rẹ̀ á jó, àpá náà kì í sì í lọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló yẹ kí wọ́n fi máa sún un síta díẹ̀díẹ̀.

Ooru ilẹ̀ Yorùbá bá a mu láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Òtútù ló ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Chicago kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìgbóná yàrá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ ju 10°C lọ, kò sì yẹ kí ewé rẹ̀ máa kan gíláàsì fèrèsé nígbà òtútù. Ní oṣù mẹ́ta tí òtútù mú jù yẹn, díẹ̀ ni omi tó ń fẹ́, òmíràn kì í sì í fẹ́ rárá.

Kì í jẹun púpọ̀. Ajílẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi dé ìdajì agbára tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún nígbà tó ń yọ ewé tuntun, ti tó o. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò rẹ̀, àfi èyí tó ti jẹrà pátápátá. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo ewé, kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ̀ ọ́. Aṣọ tí wọ́n fi omi rin díẹ̀ ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀yìn ewé kó má baà ṣẹ́.

Kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Èyí tó sábà máa ń wá ni kòkòrò kékeré tó funfun bí òwú, tó ń sá pamọ́ sí ìdí ewé níbi tí ewé méjì ti pàdé, tó sì ń fa omi ara rẹ̀ mu. Òwú tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì ni kí wọ́n fi nù ún kúrò, kí wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí ẹyin rẹ̀ kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà ọyẹ́, òmíràn tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ta okùn tín-ín-rín sára ewé. Omi ọṣẹ ló ń ṣí i nídìí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ẹyọ kan di púpọ̀. Èyí tó yá jù ni kí wọ́n pín ìdí rẹ̀. Bí ọmọ bá ti yọ, tí ó ti ní ewé bíi mẹ́ta, kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ síta, kí wọ́n gé ìdí láàárín ìyá àti ọmọ, kí gbòǹgbò díẹ̀ bá ọmọ lọ, kí ojú ọgbẹ́ sì gbẹ kí wọ́n tó gbìn ín. Ọ̀nà kejì gba sùúrù, ó sì yani lẹ́nu: ewé kan ṣoṣo lè di ewéko mélòó kan. Wọ́n á gé ewé tó dá pé sí ègé tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Kí ọ̀bẹ tó kúrò lára ègé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣá igun kékeré kan sí apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí apá tó wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè ta gbòǹgbò. Èyí tí wọ́n bá gbìn ní ìdorí kodò kò ní hù. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ojú rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n á rì í bọ yanrìn tó tutù díẹ̀, wọ́n á sì gbé e sí ibi tó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò ti pa á. Ó lè tó oṣù kan sí méjì kó tó ta gbòǹgbò, ọmọ kò sì ní yọjú lókè ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn èyí.

Ẹni tó ní Laurentii gbọ́dọ̀ ṣọ́ra lórí èyí. Ohun tó fún etí ewé ní àwọ̀ ìyeyè kò sí nínú gbogbo ara rẹ̀, ìpele kan péré ló wà, àwọn ìpele yòókù sì jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ọmọ tó bá yọ lára ègé ewé kì í kó gbogbo ìpele náà dání, nítorí náà aláwọ̀ ewé lásán ló máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá fẹ́ kí etí náà máa wà, ìdí ni kí wọ́n máa pín.

Èyí tó ti dàgbà, tí ìkòkò sì ti fún mọ́ ọn, lè yọ òdòdó. Ọ̀pá kan ló máa ń jáde látàárín ewé, tí òdòdó kéékèèké tó funfun fò-ó-fò-ó yóò sì tò sí i lára. Alẹ́ ló ń tú òórùn dídùn rẹ̀ jáde, omi dídùn tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ sì máa ń kán lára rẹ̀. Ìdí tó bá ti yọ òdòdó kò ní yọ ewé tuntun mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gba ipò.

Nípa afẹ́fẹ́ inú ilé, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ṣe kedere. Ní 1989, Bill Wolverton àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fún NASA, àjọ òfuurufú ti Amẹ́ríkà, gbé àwọn ewéko kan, tí Laurentii wà lára wọn, sínú àpótí tí wọ́n dé pa, wọ́n sì rí i pé àwọn ewéko náà fa díẹ̀ lára gáàsì olóró inú rẹ̀. Látinú ìyẹn ni ìpolówó ti bẹ̀rẹ̀ pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ yàrá mọ́. Ilé kì í ṣe àpótí. Ní 2019, Bryan Cummings àti Michael Waring ti yunifásítì Drexel ṣe ìṣirò irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ó tó ewéko 10 sí 1,000 nínú mítà kan ní ìbú àti òòró kí ipa wọn tó dọ́gba pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, tó ń jáde nínú ilé. Kí wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀ ló dára jù. Ẹwà rẹ̀ àti agbára rẹ̀ láti wà láàyè ti tó ìdí fún ẹnikẹ́ni láti gbìn ín.

Ohun kan wà nínú ewé rẹ̀ tó ń hó bí ọṣẹ, tó sì lè mú kí ajá tàbí ológbò tó bá jẹ ẹ́ máa bì, kó sì máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ó lè ta ọmọdé lẹ́nu pẹ̀lú. Kí wọ́n gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò kò ti ní tó o.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri ilé lè fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí àárín ọ̀kan àti èkejì, ní ibi tí omi òjò kì í dúró sí. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n á ti so pọ̀. Ìdí abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kì í dúró lójú kan, ó lè fọ́ ìkòkò, ó sì lè gba abẹ́ ọ̀nà kékeré bọ́ sí ọgbà ẹlòmíràn. Ní Queensland ní Ọsirélíà, níbi tí kì í ti í ṣe ọmọ ilẹ̀, ó ti di èpò nínú igbó látinú pàǹtírí ọgbà tí àwọn ènìyàn dà nù. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n bá rì sílẹ̀ yí i ká máa ń dá a dúró. Ègé ìdí tí wọ́n bá gé kúrò, kí wọ́n sá a gbẹ nínú oòrùn títí yóò fi rọ pátápátá kí wọ́n tó kó o dànù, torí èyí tó bá ṣì tutù lè hù níbikíbi tó bá bọ́ sí.